Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ kálísíọ̀mù àti pituitary

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́ ní Gwagwalada, Abuja níbí. Ohun tó ń rú wọn lójú nìyí: nínú pituitary (ẹ̀yà ara kékeré abẹ́ ọpọlọ tó ń tú họ́mọ́ònù jáde), sẹ́ẹ̀lì tó ń tú prolactin, họ́mọ́ònù tó ń mú kí ọmú ṣe wàrà, jáde kì í dúró de àṣẹ. Iná mànàmáná ara rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún kálísíọ̀mù láti ìta, họ́mọ́ònù á sì máa jáde, àfi bí dopamine, èròjà tó ń wá láti ọpọlọ, bá dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí cabergoline, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi dopamine, fi ń mú prolactin wálẹ̀. Ibẹ̀ wù mí púpọ̀! Sẹ́ẹ̀lì tó ń tú LH (họ́mọ́ònù tó ń mú kí ẹyin obìnrin jáde) jáde ní tirẹ̀ ń retí GnRH, họ́mọ́ònù àṣẹ láti ọpọlọ, tí í tú kálísíọ̀mù tó wà ní ìpamọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ni rí, èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ṣé àwòrán ojú pátákó tó, àbí kí n wá fídíò?