Bẹ́lì dáǹsì lórí ìtàgé: kí ni mo máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe?

Oníjó Súrùlérè béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àǹtí mi. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ni mo ṣe ní kí n béèrè.

Bẹ́lì dáǹsì, ijó ìbàdí àwọn Lárúbáwá yẹn, ni mò ń kọ́. Mo ń lọ sí kíláàsì, mo sì ń fi fídíò orí fóònù kún un nínú yàrá mi tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Gbígbọ̀n ìbàdí, jíju ìbàdí sílẹ̀, fífi ìdí kọ nọ́ńbà 8, ìgbì inú ikùn, gbogbo rẹ̀ ti ń mọ́ mi lára. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ní gbọ̀ngàn kan ní Victoria Island lóṣù Kejìlá, ó ní kí n wá jó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sítéèjì wà níbẹ̀, iná aláràbarà wà níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ló máa jókòó níwájú, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń bá a ṣòwò náà á sì wà níbẹ̀. Àwọn yẹn mọ ijó yìí láti kékeré.

Tó bá jẹ́ nínú yàrá, ọkàn mi balẹ̀. Sítéèjì yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ibo ni kí n máa wò? Kí ni ọwọ́ mi máa ṣe nígbà tí ìbàdí bá ń ṣiṣẹ́? Tí mo bá to gbogbo àrà tí mo mọ̀ tẹ̀léra, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ń gbà, kí wá ni mo fẹ́ fi méje tó kù ṣe? Bí wọ́n bá fẹ́ ná mi lówó ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń gun ìtàgé, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àǹtí Yábàá fèsì:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Ìṣẹ́jú méje tó kù yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sítéèjì wà. Ìyókù ò le tó o.

Àrà lò ń kà. Orin ni kó o máa kà. Ẹni tó bá mọ orin rẹ̀ dáadáa kì í wá ohun tó máa ṣe tì, torí orin á ti sọ fún un kó tó débẹ̀. O ti lọ síbi tí onídùndún ti ń ki èèyàn rí, àbí? Nígbà tó bá ń kì ọ́, o ò ní máa fò sókè fò sódò. Wàá dúró, wàá mirí, wàá jẹ́ kí oríkì wọ̀ ọ́ lára. Ìgbà tó bá yí i sí àlùjó ni wàá tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Orin Íjíbítì náà ní ibi kíkì, ó ní ibi àlùjó. Oníjó tó bá ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ibi kankan tó fi sílẹ̀ fún àwọn èèyàn láti mí.

Mú orin ìwọlé, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún oníjó gan-an. Ìlù inú rẹ̀ máa ń yí padà léraléra. Ó sábà máa ń fi malfuf bẹ̀rẹ̀, ìlù kíákíá ni. Ìyẹn lo fi máa wọlé, kó o gbé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọwọ́ rẹ, kó o fi yí sítéèjì ká, kí gbogbo igun gbọ̀ngàn rí i pé o ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa bọ́ sí ìlù mìíràn tó ń jẹ́ maqsum, tí ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà míì, láàárín orin, ìlù á dákẹ́, fèrè tàbí fáyólíìnì nìkan á máa dá sọ̀rọ̀. Taqsim nìyẹn. Tó o bá débẹ̀, má rìn. Dúró sójú kan, ṣe ìgbì inú ikùn rẹ, jẹ́ kó lọ sókè kó padà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí apá kan ṣoṣo máa gòkè. Ìṣẹ́jú kan sí méjì á lọ níbẹ̀, o ò sì ní lò ju àrà méjì lọ. Ibẹ̀ gan-an ni gbọ̀ngàn máa ń pa lọ́lọ́.

Má sì ṣi ìlù gbọ́, pàápàá níwájú àwọn ará Lẹ́bánónì tó o wí yẹn. Dùm ni ohùn àárín awọ ìlù wọn, tẹ̀k ni ohùn etí rẹ̀. Maqsum ń sọ pé: dùm tẹ̀k, tẹ̀k dùm, tẹ̀k. Saidi ń sọ pé: dùm tẹ̀k, dùm dùm, tẹ̀k. Wò ó, ohùn kan ṣoṣo ló yí padà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n saidi, ìlù àwọn ará gúúsù Íjíbítì ni, ijó ọ̀pá ni wọ́n ń fi í jó, ẹsẹ̀ á wúwo, àyà á yọ síta, èèyàn á máa gbéra ga. Tí saidi bá ń dún tí ìwọ ń yí ọwọ́ jẹ́jẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ pé etí rẹ ò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wá kàn. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Badia Masabni. Ó ṣí gbọ̀ngàn ijó sí Káírò ní 1926, ó sì wà lára àwọn tó gbé ijó yìí dé ìtàgé ńlá. Kó tó di àkókò yẹn, oníjó sábà máa ń wà láàárín àwọn àlejò, níbi tóóró, ìbàdí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Nígbà tí sítéèjì fẹ̀, wọ́n na apá, wọ́n ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Samia Gamal àti Tahia Carioca, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti jó kí òkìkí wọn tó kàn nínú fíìmù. Ìdí tí mo fi ń rò ó fún ọ ni pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò lè rí ìbàdí tó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́. Apá rẹ ló ń rí, àti àyà tó o gbé sókè, àti ojú rẹ. Tó o bá fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni, lọ wo ijó ní Terra Kulture tàbí ní MUSON ní Oníkàn, tàbí ní Freedom Park ní Broad Street, ibi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà àwọn òyìnbó. Irú ijó yòówù kó jẹ́. Jókòó sẹ́yìn pátápátá, kó o wò ó, kí ló dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí ló kú sójú ọ̀nà? Mo máa ń rán gbogbo ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ, kí wọ́n tó wọ aṣọ ìjó.

Nílé, kọ ẹ̀yìn sí dígí. Dígí máa ń mú ojú oníjó wálẹ̀ sára ara rẹ̀, ojú yẹn kì í sì í gbéra lọ́jọ́ ìnáwó. Gbé fóònù sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó jìnnà sí ọ, kó máa yà ọ́. Tó o bá wo fídíò náà, kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀. Tó o bá ṣì lè mọ ibi tí ìlù ti yí padà láti ara rẹ, o ti ń dé ibẹ̀ nìyẹn.

Ojú rẹ: pín gbọ̀ngàn sí ọ̀nà mẹ́ta, òsì, àárín, ọ̀tún, kó o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn orin kan. Nínú ìnáwó wa níbí, àwọn ìyá ni kó o kọ́kọ́ jó lọ bá. Ìyá àgbà tó fi gèlè jókòó níwájú yẹn, tẹ orúnkún rẹ ba fún un lórí ìlù, kó o rẹ́rìn-ín sí i, kó o tó yí padà. Tó bá ti mirí sí ọ, gbogbo tábìlì ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbà ọ́. Ọkọ ọlọ́kọ, wò ó bó o ṣe ń wo àwọn yòókù, kó o sì kọjá. Má tẹ̀ dúró níwájú ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni, ààbò tìrẹ náà sì ni.

Ní ti owó: òfin CBN ti 2007, abala 21, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n náírà níbi ìnáwó, kódà láti jó lórí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹsẹ̀ ìwọ oníjó ló sì wà lórí owó náà tó bá ti bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, sọ fún MC ṣáájú kó kéde pé inú àpótí tàbí àpò ìwé ni kí wọ́n máa fi í sí, kí ẹnì kan tí o mọ̀ dúró tì í. Ó tún ní àǹfààní kejì: kò sẹ́ni tó máa fi owó bojú kó wá fọwọ́ kàn ọ́ lára.

Onílù Mushin fèsì:

Àǹtí Yábàá, ẹ ṣé gan-an. Ọmọ mi, ìlù ni tèmi, díẹ̀ ni màá fi kún un.

Ìlù wọn yẹn, tí wọ́n ń pè ní darbuka tàbí tabla, ojú kan ló ní, ṣùgbọ́n ó ń fi í sọ ohùn ńlá àti ohùn kékeré. Bàtá tiwa ní ojú òjò àti ṣáṣá fún irú iṣẹ́ yẹn. Ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ ti mọ bàtá kò ní pẹ́ gbọ́ ohun tí tabla ń wí.

Tó bá dé ibi tí onílù ń dá lù fún oníjó, mọ̀ pé ó sábà máa ń tún gbólóhùn kan lù lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó yí padà. Má sáré mú un lẹ́ẹ̀kíní. Dúró, gbọ́ ọ, jẹ́ kí wọ́n rí i pé ò ń gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, fi ìbàdí sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, fi èjìká tàbí orí kún un. Ẹ̀kẹrin, parí ẹ̀ gédé, kó o wo ojú wọn. Tí wọ́n bá ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, àwọn fúnra wọn á ti máa retí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń pariwo.

Fẹnu lu orin rẹ kó o tó jó o. Bó o bá wà nínú dáńfó láti Òjúẹlẹ́gbà lọ sí Ọbáléńdé, máa fẹnu sọ ọ́ jẹ́jẹ́, dùm tẹ̀k, títí dé ìparí. Ohun tí ẹnu ò lè wí, ìbàdí ò lè wí i.

Aláṣọ Balógun fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ijó. Aṣọ ni mò ń rán, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kíákíá torí oníbàárà ń dúró.

Kọ́mú ìjó yẹn, má fi ìkọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́yìn. Rán ìkọ́ méjì, kó o tún fi píìnì há a. Okùn tó o fi to ìlẹ̀kẹ̀, kó jẹ́ ti ọ̀rá tó yi, kó o so kókó sí ẹsẹẹsẹ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ọ̀kan má bàa já kí gbogbo rẹ̀ tú sílẹ̀ lójú agbo. Ìgbànú ìbàdí, rán an mọ́ síkẹ́ẹ̀tì. Ìlẹ̀kẹ̀ àti owó idẹ wúwo, bí o bá ń gbọ̀n á máa yọ̀ wálẹ̀. Wọ gbogbo rẹ̀ jó orin náà tán pátá nílé, kó o sì fò, kó o tẹ̀, kó o kúnlẹ̀.

Má wọ̀ ọ́ láti ilé o. Wọ aṣọ rẹ lásán, gbé ti ìjó sínú àpò, tètè gbéra, torí Third Mainland lóṣù Kejìlá kì í ṣe afárá tí èèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé. Mú bùbá gbọ̀ọ̀rọ̀ kan dání tí wàá fi bora lẹ́yìn sítéèjì. Kí wọ́n má rí aṣọ ìjó yẹn títí orin á fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì rí i mọ́ tó bá ti parí. Abẹ́rẹ́, òwú, píìnì, kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò. Kó o tó wọṣọ pàápàá, lọ fẹsẹ̀ gbo ilẹ̀ sítéèjì wò. Táìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù máa ń yọ̀ gan-an.

Oníjó Súrùlérè fèsì:

Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́ o. Mo ti ń fẹnu lu maqsum láti àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jọ̀ọ́ sinmi.

Àǹtí, ìbéèrè méjì ló kù. Bí iná bá lọ láàárín orin ńkọ́? Báwo ni mo sì ṣe máa parí, kí n má kàn dúró síbẹ̀?

Àǹtí Yábàá fèsì:

Tí iná bá lọ, má sá kúrò. Kọ́ sagat, ṣaworo ìka yẹn, kó o wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ìlù saidi lásán ti tó, kó o máa fi ṣaworo náà lù ú fún ara rẹ títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbé iná. Àwọn èèyàn á bá ọ pàtẹ́wọ́ sí i, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa rántí jù. Sọ fún DJ ṣáájú pé tí iná bá dé, kó má bẹ̀rẹ̀ orin láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó dúró kó o mirí sí i.

Ìparí ni kó o kọ́kọ́ mọ̀ nínú gbogbo orin náà. Yan ibi tí wàá dúró sí lórí sítéèjì, yan bí apá rẹ ṣe máa wà, kó o sì jó ìlà ìparí yẹn títí á fi wọ̀ ọ́ lára. Ìdún tó kẹ́yìn, dúró gbọin. Má tún irun ṣe, má tún aṣọ fà. Ka ìlù mẹ́rin nínú ara rẹ kó o tó gbéra. Kí àwọn ará òsì, kí ti ọ̀tún, kúnlẹ̀ fún àwọn tó wà láàárín, kó o máa wọlé lọ. Owó tó wà nínú àpótí, ẹni tó dúró tì í á kó o wá.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì gùn fún ẹni tó ń gun ìtàgé ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́. Bẹ ẹni tó pè ọ́ kó jẹ́ kó jẹ́ méje: orin ìwọlé bí ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀ tí taqsim wà nínú rẹ̀, àti ìlù àdálù bí ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀. Inú ẹ̀ á dùn sí i, ó ṣe tán ètò ìnáwó Èkó kì í bá àkókò mu. Gbé orin náà fún DJ ṣáájú ọjọ́ náà, kó o ní ẹ̀dà kan nínú fóònù, òmíràn nínú fláàṣì. Tó o bá ti mú orin tán, wá kọ ìlù inú rẹ̀ síbí bó ṣe tẹ̀léra, kí Onílù Mushin bá wa gbọ́ ọ bóyá o kà á re.