Oṣù méjì tí mo fi kán oògùn sójú Bàbá Ìbejì

Mo ka ìbéèrè arábìnrin tí dókítà ní kí ọkọ rẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré lójú, tí ó sì ń bẹ̀rù bí òun yóò ṣe tọ́jú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá délé. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, nítorí náà mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí nínú ilé wa, torí pé iṣẹ́ tí ó wà nílé pọ̀ ju èyí tí ó wà ní ilé ìwòsàn lọ, kò sì sí ẹni tí ó kìlọ̀ èyí fún mi tẹ́lẹ̀.

Òṣogbo ni à ń gbé, ní agbègbè Ayétòrò. Bíríkìlà ni Bàbá Ìbejì, ọkọ mi; inú oòrùn àti eruku sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà ni mo rí i pé ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń hù láti igun ojú ọ̀tún wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tí ó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sí orí dúdú ojú. Ó pọ́n, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Nítorí pé kò dùn wọ́n, a fi í sílẹ̀. Ìgbà tí ó gun orí dúdú ojú tán, tí okùn tí wọ́n ń ta láti fi to búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí èyí tí ó tẹ̀ lójú wọn, tí ọmọ iṣẹ́ wọn sì ń búra pé okùn náà gún régé, ni àyà wọn tó já, tí a fi lọ rí dókítà ojú.

Dókítà sọ fún wa pé pterygium ni orúkọ ẹran náà, pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, àti pé oòrùn, eruku àti atẹ́gùn ni ó máa ń fà á. Ó ní bí òun bá kàn gé e lásán, ó sábà máa ń padà hù, nítorí náà òun yóò gé e, òun yóò sì mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti abẹ́ ìpéǹpéjú òkè ojú kan náà, èyí tí òun yóò fi bo ojú ibi tí òun ti gé e. Àárín oṣù kìíní ọdún 2025 ni a ṣe é, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an. Abẹ́rẹ́ tí ó ń mú kí ojú kú ni wọ́n fún Bàbá Ìbejì, wọn kò sùn rárá, gbogbo ọ̀rọ̀ tí dókítà ń bá nọ́ọ̀sì sọ ni wọ́n ń gbọ́. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi jáde. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti parí, mo sì ti ń wá kẹ̀kẹ́ Márúwá tí yóò gbé wa lọ sílé, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sáré tẹ̀ lé mi pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé kẹ̀kẹ́ kò ní ìlẹ̀kùn, pé eruku ni yóò kún inú rẹ̀. Takisí ni a wọ̀, a sì pa gbogbo fèrèsé rẹ̀ dé bí a ti ń kọjá ní Ọlá-Ìyá.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó le jù. Nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ náà ṣẹ́, Bàbá Ìbejì ní ó ń ṣe àwọn bíi pé iyanrìn ṣíṣá wà lábẹ́ ìpéǹpéjú àwọn, omi sì ń da lójú wọn láti abẹ́ bándéèjì. Oògùn ìrora tí wọ́n fún wa ni mo fún wọn, mo pa iná yàrá, mo sì sùn sí apá ọ̀tún wọn, ibi tí n kì í sùn sí tẹ́lẹ̀, kí ọwọ́ wọn má baà lọ sí ojú lójú oorun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo di ọwọ́ náà mú lóru. Ní ọjọ́ kejì, a padà lọ, wọ́n tú bándéèjì náà, wọ́n sì fún wa ní ìdérí ike kan tí ó ní ihò wẹ́wẹ́, tí mo ń fi pílásítà lẹ̀ mọ́ ojú náà ní alaalẹ́.

Oògùn ìkánsójú méjì ni a gbé délé. Èyí tí ó ń pa kòkòrò àrùn jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì péré. Èkejì, tí ó ń mú kí ojú má wú, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹran náà tètè padà, ni ti oṣù méjì: ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì, títí yóò fi ku ẹ̀ẹ̀kan. Dókítà kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ojú ti ń dára. Mo ṣètò áláàmù fóònù mi sí àwọn àkókò náà, n kò sì gbẹ́kẹ̀ lé orí mi.

Mo rò pé ta ni kò mọ oògùn kán. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kán mẹ́ta ni mo ń kán lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń yọ̀ pé mo lawọ́, oògùn olówó ńlá sì ń ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ó là mí lóye pé ojú kò gbà ju ẹ̀kán kan lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é: kí Bàbá Ìbejì gbé orí sẹ́yìn, kí wọ́n wo òkè, kí n fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ títí yóò fi dà bí àpò kékeré, kí n kán ẹyọ kan sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú tàbí irun ìpéǹpéjú, kí wọ́n sì pa ojú dé wẹ́rẹ́ láìfún un pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí n fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Ibẹ̀ ni oògùn máa ń gbà lọ sí imú àti ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Ìbejì fi ń ṣàròyé pé ọ̀fun àwọn korò. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ ibẹ̀, ìkorò náà dópin. Ó ní kí n fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí àárín oògùn kan àti èkejì, kí èyí tí ó kẹ́yìn má baà fọ ti àkọ́kọ́ dànù, kí n sì mi ìgò èkejì dáadáa torí pé oògùn inú rẹ̀ máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ń gé ata rodo nígbà tí áláàmù dún. Mo da omi sí ọwọ́, mo nù ún mọ́ ìró, mo sì wọlé lọ. Bí mo ti fa ìpéǹpéjú náà báyìí, Bàbá Ìbejì figbe ta, wọ́n dìde dúró, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí afọ́jú. “Ìyá Ìbejì, kí ni o fi sí mi lójú?” Mo gbóòórùn ìka mi, mo sì mọ̀. Ohun kan tí ó yọ mí ni pé mo di ọwọ́ wọn mú tí wọn kò fi ra á. Takisí ni a tún sá wọ̀. Wọ́n fi omi iyọ̀ ti ilé ìwòsàn fọ ojú náà, dókítà sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní awọ tí òun lẹ̀ mọ́ ọn kò sún kúrò. Mo sunkún níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ìbejì ni ó ń gé ata nínú ilé wa, ọṣẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn lórí tábìlì, n kì í fọwọ́ kan ìgò náà kí n tó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé abẹ́ èékánná.

Ojú náà pọ́n fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, èyí sì mú ọ̀rọ̀ wá. Apólò ni àwọn ará ilé pè é. Àwọn àgbà mọ orúkọ yẹn láti ọdún 1969, nígbà tí àrùn ojú pípọ́n jà káàkiri ní àkókò kan náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí orí òṣùpá pẹ̀lú Apollo 11. Apólò máa ń ràn. Ti ọkọ mi kò lè ran ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ayálégbé kan ń fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn nígbàkigbà tí Bàbá Ìbejì bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dùn wọ́n gan-an. Mo lọ bá ìyá ọmọ náà, mo ṣàlàyé. Ó gbà. Kò pẹ́ ni òun náà wá béèrè bóyá n lè bu díẹ̀ nínú oògùn náà fún ọmọ òun tí ojú ń yún. Mo kọ̀ fún un pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé oògùn kejì yìí lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga sókè láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀, àní ti Bàbá Ìbejì pàápàá ni wọ́n ń wọ̀n ní gbogbo ìgbà tí a bá lọ.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìkìrun pẹ̀lú ìgò omi ewé kan. Wọ́n ní òun ni àwọn fi wo ojú bàbá ọkọ mi sàn. Mo kúnlẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ tí kò ní dà bí àfojúdi. Ọmọ wọn ni ó gbà mí sílẹ̀. Bàbá Ìbejì ní, “Ìyá mi, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni ojú yìí. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ.” Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n dá ìgò náà padà sínú àpò wọn, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń dáná.

Àlùwàlá ni ó ni Bàbá Ìbejì lára jù lọ. Dókítà ti ní kí omi má ṣe kan ojú náà, kí wọ́n má sì tẹ orí ba mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àáfà àdúgbò wa ni mo bẹ̀ kí ó wá, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fọ ibi tí ó ṣeé fọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ tútù pa orí ìdérí náà, kí wọ́n sì jókòó sórí àga kírun, kí wọ́n máa tẹ orí díẹ̀. Ara wọn balẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìrora ti tán, mo sì bá wọn tí wọ́n ti gbé àpò irinṣẹ́ wọn lé èjìká. Mo mọ ìdí rẹ̀: owó àjọ mi ni à ń jẹ, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin, wọn kò sì fẹ́ èyí. N kò pariwo. Mo ní kí a pe dókítà, dókítà sì ní kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, pé wọn kò gbọdọ̀ gbé ohun tí ó wúwo tàbí po sìmẹ́ǹtì. A fẹnu kò sí i pé wọ́n lè máa lọ jókòó sábẹ́ igi, kí wọ́n máa darí àwọn ọmọ iṣẹ́, pẹ̀lú awò dúdú àti fìlà onígbátí fẹ̀ǹfẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn bọ́ sínú Rámàdáànì, tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni oògùn náà ti kù nígbà yẹn, nítorí náà lẹ́yìn ìṣínu ni mo ń kán an. Nígbà tí dókítà ní kí a dá a dúró, Bàbá Ìbejì gba ibi iṣẹ́ kọjá kí wọ́n tó wálé, wọ́n ta okùn láti igun ògiri kan sí èkejì, wọ́n pa ojú òsì dé, wọ́n sì wo okùn náà pẹ́ títí.

Arábìnrin, bí ojú ọkọ yín bá ń dùn wọ́n sí i dípò kí ó máa rọlẹ̀, bí ó bá ń ṣọyún, tàbí bí wọ́n bá ń ríran díẹ̀ ju ti àná lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀. Èmi náà ní ìbéèrè fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn: òógùn máa ń mú kí awò dúdú yọ̀ kúrò lójú Bàbá Ìbejì bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n a sì bọ́ ọ sápò. Kí ni ẹ fi ń so ó mọ́ orí?