Òkìtì ehoro àbí sàréè àtijọ́: báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀ ní Dartmoor?

Amáwòrán-ilẹ̀ béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo rí àwọn òkìtì gbọọrọ lórí àwòrán LiDAR (àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ìtànṣán laser yà látòkè) ní Dartmoor, gúúsù ìwọ̀-oòrùn England. Ṣé òkìtì ọ̀sìn ehoro, tí wọ́n mọ kí ehoro lè máa gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, ni àbí sàréè àtijọ́? Ṣé mo sì lè ní ayé àwọn Norman, tó wá láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun England lọ́dún 1066, ni wọ́n ti wà?

Yàrà-àti-Ebè:
Gíga rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Òkìtì ehoro kì í sábà ga ju mítà kan lọ; orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, kòtò tóóró sì máa ń yí i ká. Sàréè gbọọrọ ayé àtijọ́, tó ti lé ní 5,000 ọdún, sábà máa ń fẹ̀ lápá kan ju ìkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni yàrà sì sábà máa ń wà.

Ẹ wo ibi tó nà sí pẹ̀lú. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, òkìtì ehoro sábà máa ń nà láti òkè wá sísàlẹ̀, kí omi lè ṣàn dànù. Iṣẹ́ kòtò yẹn náà nìyẹn: bí omi bá wọ inú ihò, àwọn ọmọ ehoro á kú. Ilẹ̀ Dartmoor sì le, òkúta pọ̀ nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ jọ fún wọn láti gbẹ́.

Ẹ rántí yí ìmọ́lẹ̀ àwòrán yín. Tó bá jẹ́ láti ìwọ̀n 315, ìyẹn àríwá ìwọ̀-oòrùn, nìkan ló ti ń tàn, òkìtì tó nà sí ọ̀nà yẹn gan-an ò ní ní òjìji, ẹ ò sì ní rí i.

Ọmọ-Etí-Plym:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá pańpẹ́ òkúta nítòsí pẹ̀lú, irú èyí tó wà ní Ditsworthy àti Trowlesworthy, àwọn ibi tí wọ́n ti sin ehoro ní Dartmoor. Ògiri kúkúrú máa ń pàdé láàárín bíi lẹ́tà X, àpótí òkúta sì wà níbi tí wọ́n ti pàdé. Stoat tàbí weasel, àwọn ẹranko kéékèèké tó ń pa ehoro jẹ, tó bá ń rìn lẹ́bàá ògiri á bọ́ sínú àpótí. Ibi tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ló máa já síléètì (òkúta pẹlẹbẹ tó dà bí ilẹ̀kùn) lulẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Síléètì lè ti sọnù, àmọ́ ojú ihò tóóró tó máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ṣì lè wà lára òkúta. Sàréè kankan ò ní irú èyí.

Awalẹ̀pìtàn:
Lórí ọjọ́ orí, ẹ ṣe sùúrù. Lóòótọ́, ọ̀rúndún kejìlá ni ọ̀sìn ehoro gbilẹ̀ ní England lẹ́yìn tí àwọn Norman dé, àmọ́ wọ́n ṣì ń sìn wọ́n ní Ditsworthy ní ọ̀rúndún ogún. Ọ̀pọ̀ òkìtì ibẹ̀ ò dàgbà tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àpáàdì tẹ́ ẹ bá rí nínú òkìtì ò sì fi dandan sọ ọjọ́ orí rẹ̀, torí ehoro ti yí iyẹ̀pẹ̀ náà po, ohun tuntun sì ti já sísàlẹ̀. Ohun tí òkìtì jókòó lé ló dájú jù: bó bá wà lórí ebè oko àtijọ́, ebè ló ṣáájú.

Ẹ má sì gbẹ́ ilẹ̀. Òfin ọdún 1979 lórí ohun ìrántí àtijọ́ dáàbò bo púpọ̀ nínú wọn, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.