Báńkì Àpapọ̀ dín èlé kù: kí ni ó kan ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú bọ́ǹdì ìjọba?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìlànà owó ní Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti dín èlé tí àwọn báńkì fi ń díwọ̀n èlé tiwọn kù láti ìdá 27.5 sí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, ni àwọn tó ń gbà mí nímọ̀ràn lórí owó kò ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹnì kan ní kí n yára ra bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́wàá, ìyẹn ìwé owó tí a yá ìjọba fún ọdún mẹ́wàá, kí èlé tó já wálẹ̀, ẹnì kejì ní ọjà ìpín ìdókòwò, níbi tí wọ́n ti ń ta ìpín ilé-iṣẹ́, ni kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mo ti fara káásá rẹ̀ rí. Ní ìparí ọdún 2020, nígbà tí èlé Báńkì Àpapọ̀ wà ní ìdá 11.5, mo fi lára owó ìfẹ̀yìntì mi ra bọ́ǹdì ìjọba tó máa pé ní ọdún 2030, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ fún mi pé owó ìjọba kì í sọnù. Nígbà tí mo nílò owó fún iṣẹ́ abẹ ọkọ mi ní ọdún 2024, tí mo ní kí wọ́n bá mi ta díẹ̀ nínú rẹ̀, iye tí mo gbà kéré gidigidi sí iye tí mo fi rà á. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó jí owó mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú. Báwo ni ìjọba ṣe lè máa san èlé fún mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láìyẹ̀, kí owó mi sì tún dín?

Oníṣirò, Èkó

Ẹ kú ìbéèrè, Mà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Èlé tí wọ́n kọ sára bọ́ǹdì kì í yí padà, ṣùgbọ́n iye tí ẹlòmíràn yóò fẹ́ san láti gbà á lọ́wọ́ yín kò dúró lójú kan. Ẹ jẹ́ ká ní bọ́ǹdì yín jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, tí ó sì ń san 100,000 lọ́dún. Bí ìjọba bá wá ń ta tuntun tó ń san 200,000 lórí mílíọ̀nù kan, ta ni yóò fún yín ní mílíọ̀nù kan fún èyí tó ń san ìdajì rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò dín owó rẹ̀ kù títí èrè tirẹ̀ yóò fi bá ti tuntun dọ́gba. Bí ó bá ku ọdún kan kí bọ́ǹdì náà pé, nǹkan bí 917,000 ni yóò san. Bí ó bá ku ọdún mẹ́fà, bí ti yín nígbà tí ẹ tà á, yóò jẹ́ nǹkan bí 667,000, bí ó bá sì ku mẹ́wàá, kò ní ju nǹkan bí 580,000 lọ. Bí ọjọ́ ṣe gùn tó ni ìyípadà èlé ṣe ń dun bọ́ǹdì tó.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní àkókò yín kò kéré. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè nítorí ọ̀wọ́n gógó ọjà, títí ó fi dé ìdá 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 nìkan, ìdá mẹ́rin ni wọ́n fi kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lábẹ́ Gómìnà Ọláyẹmí Cardoso, ó sì di 22.75. Ẹni tó ta bọ́ǹdì àtijọ́ ní ọdún yẹn, àkókò tó le jù ló tà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún fi èyí sọ́kàn: èlé tí wọ́n ń kéde kọ́ ni èlé tí yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, èlé Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ 18.75, ṣùgbọ́n treasury bill ọlọ́jọ́ 364 (ìwé owó tí a yá ìjọba fún ìgbà kúkúrú, tí kò ju ọdún kan lọ) kò mú ìdá 12 wá, nítorí owó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn báńkì, wọ́n sì ń du ìwọ̀nba treasury bill tó wà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìjọba kó èyí tó pọ̀ gan-an jáde, ó fò dé ìdá 19. Àbájáde ọjà yẹn ni kí ẹ máa wò ju ìkéde ìgbìmọ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

Mo gbà pẹ̀lú Oníṣirò, ṣùgbọ́n ohun tí náírà lè rà ni èmi yóò kọ́kọ́ wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ ìdá 34.8, nítorí náà ẹni tó gba ìdá 22 ṣì ń pàdánù bí ó tilẹ̀ ń ka èrè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ó ti wá sí 20.12. (Àjọ tó ń ṣírò rẹ̀ yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ yẹn ló wá láti inú ìrọ̀lẹ̀ ọ̀wọ́n gógó ọjà.)

Ìdí kan tún wà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi dín ìdajì ìdá kan péré kù. Bank of England ti mú èlé tiwọn wá sí ìdá mẹ́rin ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àwọn àjèjì olówó sì ń wá ibi tí owó wọn yóò ti bímọ. Èlé gíga ló ń fà wọ́n wá sí Nàìjíríà, dọ́là tí wọ́n ń kó wọlé sì wà lára ohun tó ń ti náírà lẹ́yìn. Bí èlé bá já lójijì, wọn yóò palẹ̀ mọ́, ẹni tí kò ní ju náírà lọ ni yóò sì ru ẹrù náà.

Onílé-ìtàwé, Òṣogbo

Ẹ̀yin Mà, ní ti ìpín ìdókòwò, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè máa ń mí kanlẹ̀ bí èlé bá wálẹ̀, èrè rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2024, tí èlé Báńkì Àpapọ̀ ṣì ń ga, ni òṣùwọ̀n ọjà ìpín ní Èkó, nọ́ńbà tó ń fi bí iye àwọn ìpín ṣe ń lọ sókè sódò hàn, kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Oṣù kan náà tí Oníṣirò ní treasury bill kò mú ìdá 12 wá yẹn ni! Owó tí kò rí èrè níbì kan ló ṣí lọ síbòmíràn, ó sì lè ṣí padà kí ẹ tó gbọ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó wá yé mi báyìí. Ṣé kí n ta ìyókù bọ́ǹdì náà ni, kí n tó pàdánù sí i?

Oníṣirò, Èkó

Rárá, Mà, àfi bí ẹ bá nílò owó náà kíákíá. Bí èlé bá ń wálẹ̀, iye rẹ̀ lọ́jà yóò máa gòkè, àti pé bí ọdún 2030 ṣe ń súnmọ́lé, yóò máa súnmọ́ iye tó wà lójú ìwé rẹ̀, èyí tí ìjọba yóò san pé pérépéré. Owó tó bá wà fún ìwòsàn Bàbá, treasury bill ọlọ́jọ́ 91 tàbí 182 ni kí ẹ fi sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kó o sínú bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́wàá. Bí títà bá sì di dandan lọ́jọ́ kan, ẹ béèrè iye lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì ó kéré tán kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, nítorí iye tí wọ́n ń dá lé bọ́ǹdì kan náà kì í dọ́gba.