Láti Ọ̀yìngbò dé Pópó Àgùdà láì gba inú Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́nà. Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti màmá mi fi ń wo àdúgbò Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan. Rélùwéè la ń wọ̀ láti Àgbàdo dé Ọ̀yìngbò. A ti rin Èbúté Mẹ́tà dáadáa. Pópó Àgùdà ló kàn. Màmá fẹ́ rí ilé àwọn tó ti Bùràsíìlì dé kí wọ́n tó wó gbogbo rẹ̀ tán (wọ́n ṣáà ti wó Ilojo Bar, ọ̀kan lára irú ilé bẹ́ẹ̀, ní 2016). Àwọn onídáńfó tí mo bi sọ pé Ìdúmọ̀tà làwọn ń já èrò sí. Google Maps ní ká gba ọjà Balógun. Orúnkún màmá ò lè gba ìtìkiri yẹn.

Ọkọ̀ wo la máa wọ̀ ní Ọ̀yìngbò, ibo la sì máa sọ̀ kalẹ̀, tá a ó fi rìn dé Campos ní Pópó Àgùdà láì fẹsẹ̀ kan ọjà?