Owó ẹ̀bùn fún ilé-ìwé ìjọba tó bá yege: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará Ẹ̀gbá. Ní 2007, New York bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé-ìwé ìjọba lówó bí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá ṣe dáadáa, ó tó 3,000 dọ́là lórí olùkọ́ kan. Wọ́n ná bíi mílíọ̀nù 56 dọ́là. Ní 2011, ìwádìí ní máàkì àwọn ọmọ ò tìtorí ẹ̀ gbéra nílẹ̀, ni wọ́n bá pa á tì. Ta ló ti rí irú ẹ̀ ní Abẹ́òkúta?

Tísà Ìbàrà: Èmi rí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni nígbà yẹn ló ṣèlérí owó: ká sáà ti rí ìdajì àwọn ọmọ tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò àṣejáde, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá wa ti ń ṣa ọmọ. Èyí tí kò bá dá a lójú, a ní kí òbí ẹ̀ lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń bá ìyá ẹ̀ kiri ẹ̀kọ ní Láfẹ́nwá kó tó wá sí kíláàsì. Ó ti kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ tán, bíírò pupa ló fi kọ ọ́ torí kò rí dúdú yá. Ọ̀gá ní kí n dá a padà fún un. Owó dé lóòótọ́. Jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n fi rà.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ yẹn dà báyìí?

Tísà Ìbàrà: Ó ṣe é níbòmíràn lọ́dún kejì, ó gba mẹ́fà.

Ọmọ Láfẹ́nwá: Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? 😂

Tísà Ìbàrà: Wọ́n ti jí i.

Kútọ̀ Kìí Sùn: Mi ò gbà o. Ọ̀gá wo ló máa láyà lé ọmọ ọlọ́mọ? Òbí ò ní bá a jà ni?

Ìyá Ìbejì: Òbí tó ń kiri ẹ̀kọ? Ìgbà wo ló fẹ́ ráyè wá jà? Ẹ̀yin ẹ má bínú, ó jọ pé ilé-ìwé aládàáni lẹ kà.

Bàbá Tísà (Fẹ̀yìntì): Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láti 1862 ni àwọn òyìnbó England ti ń fi máàkì ọmọ díwọ̀n owó ilé-ìwé. Alábẹ̀wò á dé, á ní kí ọmọ kàwé, á ní kó ṣe ìṣirò. Èyí tó bá kùnà, owó dín. Olùkọ́ bá ń kọ́ wọn ní àkọ́sórí. Kí ọdún 1900 tó dé ni wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ẹ wo Atlanta náà ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó ẹ̀bùn ti wà fún máàkì. Ìwádìí 2011 ní ilé-ìwé 44 ló lọ́wọ́ nínú màgòmágó, olùkọ́ àti ọ̀gá 178. Wọ́n ń pa ìdáhùn ọmọ rẹ́, wọ́n ń kọ èyí tó tọ́ sí i. Kóòtù dá 11 lẹ́bi ní 2015.

Ọmọ Láfẹ́nwá: Bàbá, àwọn yẹn tiẹ̀ tún ń tijú. Ojú pátákó gbangba ni wọ́n ń kọ tiwa sí.

Aya Tísà: Ẹ rọra o. Ọkọ mi ò tíì gba owó oṣù tó kọjá, àpò ìrẹsì kan tí wọ́n fún ilé-ìwé wọn lẹ́bùn, kóńgò mẹ́ta-mẹ́ta ló kàn wọ́n. Ẹ̀yin ń ní kí wọ́n fòpin sí i!

Kútọ̀ Kìí Sùn: Ṣé wọ́n fún géètìmáànù?

Aya Tísà: Wọn ò fún un. Ó kọ̀, kò ṣí géètì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ó ṣeun! Ṣé kò wà níbẹ̀ nígbà táwọn ọmọ ń yege ni?

Kútọ̀ Kìí Sùn: Èwo ni géètì kọ́ lára Ìṣirò?

BBHS Fún Mi: Ilé-ìwé tó dáa ò nílò owó kankan. Ọbásanjọ́ àti Abíọ́lá, ẹ̀bùn wo ni wọ́n fún wa ká tó kọ́ wọn ní Baptist Boys' High School?

Ọmọ Grammar: 1908 ni Abeokuta Grammar School wa ti wà, ẹ̀yin 1923. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Fẹlá ńkọ́?

BBHS Fún Mi: Ṣé Fẹlá gba ẹ̀bùn ìwà rere ni?

Ọmọ Ìtòkú: Ọ̀rọ̀ owó la wà lórí ẹ̀ o.

Ọmọ Grammar: Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n dá ẹni yìí lóhùn ná.