Ẹgbẹ́ àwa obìnrin òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ̀yin obìnrin tó ń kọ̀wé, ẹ̀yin tó ń ya àwòrán, ẹ̀yin aláró, ẹ̀yin tó ń mọ ìkòkò, mo kí gbogbo yín. Mo fẹ́ ká sọ ìrírí wa nínú ẹgbẹ́ tí a ń ṣe ládùúgbò, ibi tó ti gbè wá àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ewì àti ìtàn kéékèèké ní Yorùbá. Ìwé tí àwọn ọmọ mi kò kọ tán ní ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ ọ́ sí, lálẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. N kì í kà á fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí i lórí tábìlì mi, ló bá ní, “O ní nǹkan báyìí lọ́wọ́, o wá jókòó tì í?” Òun ló mú mi lọ sí ẹgbẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá aláró kan ni a ti ń pàdé, ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù. Àwa tó ń kọ̀wé wà níbẹ̀, àwọn ayàwòrán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláró ló pọ̀ jù. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo. Ìlú aró ni wá látayébáyé, ìlú yìí náà sì ni Màmá Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ sí ní 1983, tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń jẹun nídìí aró lónìí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, kò ṣòro fún wa láti gbà pé obìnrin lè fi iṣẹ́ ọnà gbọ́ bùkátà.

Òfin ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ojú ìwé kan tó, aṣọ kan tó, àwòrán tí kò tíì parí náà tó. Ẹni tí kò bá mú nǹkan kan wá ni yóò gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà. A sì ń gba ara wa sípò láti mójú tó àwọn ọmọ: ẹnì kan á kó wọn sí abẹ́ igi máńgòrò, á máa pa àlọ́ fún wọn, káwọn ìyá wọn lè ráyè gbọ́ràn. Ká ní kò sí ètò yẹn ni, èmi tí mo bí ìbejì ì bá má lè dúró.

Ohun tí n kò lè gbàgbé nìyí. Mo ka ìtàn kan fún wọn, ìtàn ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó sun ẹkún ìyàwó, mo sì kọjá lọ sí orí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá tó ni ilé ń tú okùn lára àdìrẹ oníko lọ́wọ́. Kò mọ ìwé kà. Ó ní, “Olùkọ́, dúró ná. Ọmọ yẹn sunkún. Kí ló wá wí?”

Mo ní, “Ìyá, n kò kọ ìyẹn.”

Ó ní, “Háà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń retí.”

Ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún fún wa bí wọ́n ṣe ń sun ún lágbègbè Ọ̀yọ́ nígbà tí òun ń lọ ilé ọkọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n wúre fún òun kí òun tó jáde. Ó dárò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò ní jọ pọnmi mọ́. Ó bẹ orí rẹ̀ pé kó má ṣe gbé òun dé ilé òṣì. Gbogbo wa dákẹ́. Ayàwòrán wa tó kéré jù lọ tan fóònù rẹ̀, ó gba ohùn náà sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo dà á kọ, mo kà á padà fún ìyá títí ó fi ní “ó di bẹ́ẹ̀”, ó sì wà nínú ìtàn mi báyìí, pẹ̀lú orúkọ ìyá lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Aláró Kékeré, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn mú orí mi wú.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe. Fún ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n, làfún tí a kù dáadáa ni a fi ń ro ẹ̀kọ náà, a ó fi álọ́ọ̀mù sí i, a ó wá ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, a ó máa fi ya iṣẹ́ sójú aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú ibẹ̀. Bí a bá ń ya iṣẹ́ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Lẹ́yìn tó bá gbẹ ni yóò tó wọ ìkòkò aró, a ó sì máa rì í, a ó máa sá a, léraléra. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú èlú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ojú yín báyìí ni afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ sí i tí yóò máa dúdú lọ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju owó rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ṣe pàtàkì. Ní Ìtòkú lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n da iṣẹ́ tiwa kọ sójú rẹ̀, ti kún ọjà, ó sì pọ́ọ́kú. Oníbàárà á gbé e lé ẹ̀gbẹ́ tèmi, á ní, “Kí ló dé tí tìẹ fi wọ́n?” Ó máa ń dùn mí wọra.

Ẹgbẹ́ wa ló kọ́ mi bí mo ṣe lè dáhùn. Àgbà kan jókòó tì mí, ó ní kí n ka owó aṣọ, làfún, èlú, igi ìdáná. Mo kà á tán. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé ọ̀fẹ́ ni?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka owó iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ ọn. Àwọn òǹkọ̀wé inú ẹgbẹ́ sì ń bá wa kọ ìwé pélébé kan tí a ń so mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ iṣẹ́ ara rẹ̀, ìtàn tó wà nídìí rẹ̀, orúkọ obìnrin tó yà á. Ẹni tó bá ka ìyẹn kì í ná ọjà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. A tún ń fi owó àjọ ra aṣọ funfun ní ìdì, a ó pín in láàárín ara wa, ìyẹn sì dín ìnáwó mi kù gidigidi.

Ọmọ Yorùbá, London

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ṣé a lè rí ohùn ẹkún ìyàwó yẹn gbọ́? Àwa obìnrin díẹ̀ ní Peckham máa ń kà ewì Yorùbá fún ara wa, àwọn ọmọ wa sì máa ń jókòó tì wá. Wọn kò tíì gbọ́ èyí tó jáde látẹnu ẹni tó sun ún fúnra rẹ̀ rí.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Inú mi dùn sí tiyín, ṣùgbọ́n tiwa ti tú ká. Olóṣèlú kan ní òun yóò kọ́ ilé fún wa. Ó kọ́kọ́ kó aṣọ tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ wá, ó ní gbogbo wa ni kó wọ̀ ọ́ lọ sí ibi ìpolongo rẹ̀. Àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀, àríyànjiyàn dé. Ilé kò dé. Àwa mẹ́ta péré ló kù: èmi tí mò ń kọ eré orí rédíò, ẹnì kan tó ń ya àwòrán, àti ẹnì kan tó ń hun òfì, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọkùnrin ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ní ìlú wa. Ibo ni ẹ ti ń rówó tí ẹ kò fi sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni? Mo sì gbọ́ pé ẹ ti tẹ ìwé jáde. Báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ba tiyín jẹ́ kò jìnnà sí wa náà.

Owó oṣù ni a ń dá, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí aláta lè san án. A ń kọ gbogbo ẹ̀ sójú pátákó: iye tó wọlé, iye tó jáde, ẹni tó kó o dání. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ láti ìta, àga, tábìlì tàbí epo jẹnẹrétọ̀ ni a ń gbà. A kì í gba aṣọ tí ojú ẹnì kan wà lára rẹ̀.

Ní ti ìwé, ẹ fara balẹ̀ o. Atẹ̀wé tí a kọ́kọ́ gbé e fún dá ẹ̀dà àyẹ̀wò padà, gbogbo àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ ti ṣubú, àmì ohùn ti di àpótí kéékèèké. Ó ní àwọn òǹkàwé á lóye rẹ̀ bẹ́ẹ̀. A gba iṣẹ́ wa padà. Ẹkún ìyàwó láìsí àmì ohùn, ta ni yóò rí i sun? Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ló tún un tò, ó lo irú lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá, ó sì sọ ọ́ di PDF kí atẹ̀wé má bàa lè yí i padà. A pín ojú ìwé fún ara wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kà á sókè fún ẹnì kejì. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni a ó tún wò.

Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni ẹ ó ti gba ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí ìwé bá jáde, òfin ní kí ẹ kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn, ẹ má fi ìyẹn ṣeré, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín yóò wà bí ẹ̀dà ọjà bá tán. Ayàwòrán wa ló ya iwájú ìwé, àwọn aláró ló sì kọ́kọ́ rà á.

Ọmọ mi tó wà ní London, n ó kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá. Òun ló ni ohùn rẹ̀. Bó bá yọ̀ǹda, n ó fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìṣẹ́yìn, ẹ̀yin mẹ́ta tó. Ọjọ́ wo lẹ máa ń pàdé? Ìyá aláró ní òun fẹ́ rí obìnrin tó ń hun òfì yẹn.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ọjọ́bọ̀ ni, lẹ́yìn ọjà, ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ bá mi sọ fún ìyá pé òwú tuntun ló wà lórí òfì obìnrin náà báyìí, kò sì ní gé e kí ẹ tó dé.